Èsì: Ṣé físíìsì kúántọ́ọ̀mù ti fìdí ìrírí ìjìnlẹ̀ ẹ̀mí múlẹ̀?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ṣé òótọ́ ni pé físíìsì kúántọ́ọ̀mù, ìyẹn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa àwọn ohun tó kéré jọjọ bí átọ́ọ̀mù, ti fìdí ọ̀rọ̀ àwọn onírìírí ẹ̀mí múlẹ̀, pé ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ohun tó wà. Rárá o. Lóòótọ́, Schrödinger, ọ̀kan lára àwọn tó dá físíìsì yìí sílẹ̀, fẹ́ràn ẹ̀kọ́ Vedanta ti Íńdíà gan-an, ẹ̀kọ́ tó ní ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò tó gbé jáde ní 1926: kò sí Vedanta kankan nínú rẹ̀. (Àwọn tó ń ta “ìwòsàn kúántọ́ọ̀mù” kò ní sọ èyí fún yín.)

Ọ̀rọ̀ William James, onímọ̀ nípa ọkàn àti ìrònú ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, ló wù mí jù. Ní 1902, ó ní irú ìrírí ẹ̀mí yìí ṣòro láti fẹnu sọ, kì í pẹ́, ó sì máa ń dà bí ìmọ̀ gidi lójú ẹni tó ní in. Ó ní ìrírí náà láṣẹ lórí onítọ̀hún. Kò pọn dandan kí ẹlòmíì gbà á. Èmi fara mọ́ ọn. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ lè fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí ẹni tó ń ṣàṣàrò hàn, àmọ́ kò lè sọ bóyá ohun tónítọ̀hún rí wà lóòótọ́. Ọpọlọ ṣáà ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń wo igi pàápàá, igi ọ̀hún sì wà níbẹ̀.