Mo fẹ́ yí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà: ṣé nọ́ńbà mi kò ní sọnù?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, Lọ́yà. Aṣọ àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtokú, ní Abẹ́òkúta, orí WhatsApp sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ti ń rajà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fowó kún ìpè àti dátà ní 2025 ni dátà ti ń jẹ èrè mi. Èyí tó dùn mí jù ni pé ìgbà kan náà ni gbogbo ilé-iṣẹ́ fowó kún un. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti fẹnu kò ni? Kí ló dé tí ìjọba kò kúkú dá iye kan lé e? Mo fẹ́ lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yìí ni gbogbo oníbàárà mi mọ̀, òun ni mo sì tẹ̀ sára náílọ́ọ̀nù tí mo fi ń di ọjà. Ṣé kò ní sọnù?

Ìdáhùn

Nọ́ńbà yín kò ní sọnù, màmá. Láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ti fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé nọ́ńbà wa kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀ lé e lórí. Màá sọ bí ẹ ó ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń dùn yín, nítorí bí ẹ bá mọ bí ọjà yìí ṣe ń rìn, ẹ óò rí i pé agbára tó wà lọ́wọ́ yín ju bí ẹ ti rò lọ.

Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 sọ pé ilé-iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gba iye kan lọ́wọ́ oníbàárà àfi tí NCC bá ti fọwọ́ sí i. Láti 2013 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2025, òdiwọ̀n owó ìpè kò yí padà. Láàárín ìgbà yẹn, náírà já wálẹ̀: dọ́là kan tí ìjọba ń ṣẹ́ ní iye tí kò tó 500 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ti kọjá 1,500 kí 2024 tó parí. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ tó wà lórí másìtì, epo dísù sì ni ọ̀pọ̀ másìtì ń mu tọ̀sán-tòru nítorí iná tí kò ṣeé gbọ́kàn lé. Àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ NCC pé kó jẹ́ kí àwọn sọ owó náà di ìlọ́po méjì. Ní ogúnjọ́ oṣù kìíní 2025, àjọ náà fèsì pé wọn kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ kún un. Ìpinnu kan náà ló kan gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí owó fi gòkè níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, èmi kò lè bá yín pe èyí ní ìfẹnukò. Àmọ́ ìbéèrè yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin 2003 kan náà ka á léèwọ̀ fún wọn láti jọ pinnu iye owó tàbí láti pín oníbàárà láàárín ara wọn. Ìdá 50 yẹn sì jẹ́ òpin tí wọn kò gbọdọ̀ kọjá. Kò sí ẹni tó ní dandan ni kí wọ́n dé ibẹ̀. Bí ìdíje bá gbóná, ó yẹ kí ẹnìkan nínú wọn dúró sísàlẹ̀ kó lè fa oníbàárà ẹlòmíràn mọ́ra.

Ẹ béèrè ìdí tí ìjọba kò fi dá iye kan lé e. A ti wà nínú irú rẹ̀ rí. Nígbà tí NITEL nìkan ń dá ọjà ṣe, abẹ́ ìjọba ló wà, síbẹ̀ tẹlifóònù tó wà nílé àti ní ọ́fíìsì jákèjádò orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù èèyàn kò tó ìdajì mílíọ̀nù. Kí ni àǹfààní owó pọ́ọ́kú lórí ohun tí ọwọ́ èèyàn kò lè tẹ̀? Ní oṣù kìíní 2001 ni NCC ta ìwé àṣẹ GSM ní gbàǹjo, 285 mílíọ̀nù dọ́là lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ìpè bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 50 náírà fún ìṣẹ́jú kan, tí ẹ bá sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, owó odindi ìṣẹ́jú ni wọ́n máa gé. Àwọn èèyàn pariwo títí, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ìṣẹ́jú àáyá ka owó. Èsì tí wọ́n ń gbọ́ ni pé àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 2003, Glo wọlé, ó sì ń fi ìṣẹ́jú àáyá gé owó láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn yòókù náà ń ṣe é. Ohun tí ẹ̀bẹ̀ kò rí ṣe ni ìbẹ̀rù pé oníbàárà lè dìde kó máa lọ ṣe. Iṣẹ́ NCC níbẹ̀ ni pé ó ṣí ọ̀nà fún ẹni tuntun láti wọ ọjà.

Àmọ́ ṣíṣí ọ̀nà nìkan kò tó, ibi tí iṣẹ́ àjọ náà sì le jù ni ibi tí oníbàárà kì í wò. Nígbà tí ẹ bá fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín pe ẹni tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, ilé-iṣẹ́ yín ń san owó fún ilé-iṣẹ́ tó gba ìpè náà wọlé. Ó dà bí owó oníbodè láyé àtijọ́, tí ọlọ́jà ń san kó tó kó ẹrù wọ ìlú. Bí ìlú ńlá bá lè dá iye tó wù ú lé e, ọlọ́jà kékeré kò ní rí èrè kankan jẹ. NCC ló ń dá owó yìí. Ní 2018, ó fi sí 3.90 náírà fún ìṣẹ́jú kan, ó sì jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ 4G tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gba 4.70 kí wọ́n lè rọ́wọ́ mú.

Ẹ ó rántí ìgbà kan tí ó jẹ́ pé bí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣòwò bá wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, owó pọ́ọ́kú ni ẹ fi ń pe ara yín, ṣùgbọ́n pípe ẹni tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn wọ́n gan-an. Ohun tó dà bí ẹ̀bùn yìí ni okùn tó so gbogbo yín mọ́ ibi kan. Ní 2013, NCC kéde pé MTN ti tóbi ju àwọn yòókù lọ nídìí ìpè, ó sì pàṣẹ pé kó má fi ìyàtọ̀ sáàárín owó ìpè láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀ àti owó ìpè sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn mọ́. Lójú tèmi, ìpinnu yẹn wà lára èyí tó dára jù tí àjọ náà ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníbàárà díẹ̀ ló mọ̀ nípa rẹ̀.

Bí gbèsè owó tí ilé-iṣẹ́ kan ń san fún èkejì lórí ìpè bá sì pọ̀, oníbàárà lè jìyà rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2024, NCC kéde pé òun ti fọwọ́ sí i kí MTN dí ọ̀nà mọ́ ìpè tó ń bọ̀ láti Glo nítorí gbèsè. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú, wọ́n sì yanjú ọ̀rọ̀ náà kí nǹkan tó bàjẹ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ju ìdá 50 lọ ni iye àwọn tó kù lórí pápá. Nǹkan bí ìdajì gbogbo nọ́ńbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ MTN, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló sì wà lọ́wọ́ Airtel. Etisalat tó dé ní 2008 kó sínú gbèsè báǹkì, ó di 9mobile ní 2017, ó ti di T2 báyìí, ọ̀pọ̀ jù lọ oníbàárà rẹ̀ sì ti lọ. Tó bá ku ẹni méjì péré tó lágbára, wọn kò nílò ìpàdé ìkọ̀kọ̀ kankan kí ìdíje tó rọlẹ̀; kí kálukú máa wo ojú ẹnìkejì ti tó. Inú mi dùn pé ní 2023 NCC fún àwọn kan níwèé àṣẹ láti máa ta ìpè àti dátà láìní másìtì tiwọn, àti pé ní 2025 wọ́n fọwọ́ sí i kí oníbàárà T2 lè lo òpó MTN níbi tí ti T2 kò dé. Irú èyí ló yẹ ká máa béèrè fún sí i.

Ó kù bí ẹ ó ṣe yí padà. Ẹ má kánjú. Ẹ kọ́kọ́ ra síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ ń fojú sí, ẹ fi sí ihò kejì fóònù yín, kí ẹ lò ó ní ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, láàárọ̀ àti ní àṣálẹ́ tí gbogbo èèyàn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já geere ní Kútọ̀ lè máa fà ní Ìtokú, òfin kò sì ní jẹ́ kí ẹ tún gbé nọ́ńbà náà kúrò kíákíá tí ẹ bá ti gbé e. Àìmọye èèyàn ló tilẹ̀ dúró síbi síìmù méjì yìí: wọ́n fi ọ̀kan gba ìpè, wọ́n ń ra dátà sórí èkejì. Kò burú rárá, nítorí WhatsApp yín yóò máa ṣiṣẹ́ lórí nọ́ńbà àtijọ́, kódà bó bá jẹ́ dátà síìmù kejì ló ń lò.

Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tuntun náà. Ẹ mú fóònù yín, NIN yín àti síìmù àtijọ́ dání. Orúkọ yín ló gbọdọ̀ wà lórí síìmù náà. Bó bá jẹ́ orúkọ ọmọ tàbí ọkọ ni wọ́n fi forúkọ sílẹ̀, ẹ lọ tún un ṣe ṣáájú. Wọn yóò ní kí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí 3232 láti orí nọ́ńbà yẹn gan-an. Ẹ san owó ìpè tí ẹ bá yá, kí ẹ sì lo káàdì àti dátà tó ṣẹ́kù tán, nítorí wọn kò ní bá yín lọ. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ ń retí owó ńlá: nígbà tí síìmù bá ń yí padà, àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì lè pẹ́ kó tó wọlé.

Tí ẹnikẹ́ni bá dí yín lọ́nà, tàbí tí wọ́n gé owó yín láìtọ́, ẹ pe 300, tó jẹ́ nọ́ńbà ìránlọ́wọ́ gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì báyìí. Ẹ rí i pé ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn, kí ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀sùn náà fún wọn.