Omi ń kán lára amúlétutù, yàrá sì ń rùn: ṣé asẹ́ ni àbí gáàsì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Amúlétutù ara ògiri ló wà ní yàrá wa, ojoojúmọ́ la sì ń lò ó torí ooru àti ọ̀rinrin. Ó tó oṣù méjì tí mo ti fọ asẹ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Èruku máa ń mú ọmọ mi sín, ni mo bá gé asẹ́ kan tó nípọn, mo fi lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. Láti ìgbà náà, kò tutù dáadáa mọ́, omi ń kán sílẹ̀, yàrá sì ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Ṣé gáàsì ló tán ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì pe onígáàsì. Asẹ́ tẹ́ ẹ fi lé e yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ. Fáànù amúlétutù ara ògiri ò lágbára tó láti fa afẹ́fẹ́ gba inú nǹkan tó nípọn. Nẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bá a wá ni wọ́n ṣe é fún.

Kọ́ìlì, ìyẹn páìpù wẹ́wẹ́ tí gáàsì ń gbà kọjá, tó wà lẹ́yìn asẹ́, máa ń tutù débi pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń di omi lára rẹ̀, bí omi ṣe ń làágùn lára ife omi tútù. Omi yìí ń ro sínú àwo kan nísàlẹ̀, ó sì ń gba páìpù jáde. Bí afẹ́fẹ́ tó ń kọjá bá kéré jù, kọ́ìlì á tutù kọjá ààlà, omi ara rẹ̀ á di yìnyín, yìnyín náà á tún wá dí ìwọ̀nba ọ̀nà tó kù. Tẹ́ ẹ bá pa ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ á yọ́ pọ̀, àwo ò ní lè gbà á, ló bá di kíkán sílẹ̀. Àìtó gáàsì náà lè fa yìnyín, ṣùgbọ́n asẹ́ la kọ́kọ́ ń wò.

Bẹ́ ẹ bá ṣí iwájú ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bá yìnyín níbẹ̀, ẹ má fi ọ̀bẹ ha á o. Ihò bíńtín lára páìpù kọ́ìlì ti tó kí gáàsì jò tán. Ẹ pa ìtutù, kẹ́ ẹ fi fáànù nìkan sílẹ̀ fún wákàtí méjì sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì gbé bákẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀.

Tó bá kan fífọ̀, ẹ pa iná rẹ̀ lára ògiri, ẹ gbé ìbòrí iwájú sókè, kẹ́ ẹ fa asẹ́ nẹ́ẹ̀tì tó bá a wá jáde. Ojú tó kọ sí inú ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ da omi sí, kí omi lè ti èruku padà síbi tó gbà wọlé. Ojú tó dọ̀tí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń da omi sí, ńṣe nìyẹn sì ń kì í mọ́ inú nẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀rá bá wà lára rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọlọ́ṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kò gbóná ju 40°C lọ, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òjìji ni kẹ́ ẹ sá a sí, torí oòrùn máa ń ká férémù rẹ̀ kò, èruku á wá máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Kẹ́ ẹ tó dá a padà, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí omi bá ṣì dí àwọn ihò kan, tó ń dán bíi gíláàsì, kò tíì gbẹ. Asẹ́ tútù nínú ẹ̀rọ tó tutù, èbu ló máa hù, òórùn aṣọ tí kò gbẹ sì nìyẹn. Fún ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ń lò lójoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́. Oṣù méjì ti pẹ́ jù.

Nẹ́ẹ̀tì yìí kì í ṣe ohun tí à ń pààrọ̀ lóòrèkóòrè, àfi tó bá ya tàbí tí férémù rẹ̀ bá tẹ̀. Nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì ara ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ fi ra òmíràn. Bí asẹ́ dúdú kékeré kan tó jẹ́ oníkáábọ̀nù (èédú tó ń fa òórùn) bá wà lára rẹ̀, ẹ má fọ ìyẹn, pípààrọ̀ ni tirẹ̀.

Ti ẹ̀rọ ńlá tó ń fi ọ̀nà inú àjà pín afẹ́fẹ́ kiri ilé yàtọ̀. Asẹ́ bébà ni tirẹ̀. MERV ni nọ́ńbà tó ń sọ bí asẹ́ ṣe ń mú èruku wẹ́wẹ́ tó; MERV 8 tó fún ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ má lọ sí 13 àfi tí ìwé ẹ̀rọ bá ní fáànù lè gbé e. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára asẹ́ àtijọ́ ni kẹ́ ẹ fi ra tuntun, ẹ má fi rúlà wọ̀n ọ́n, torí asẹ́ fúnra rẹ̀ sábà máa ń kéré díẹ̀ sí ohun tí wọ́n kọ. Kí ọfà ara rẹ̀ kọjú sí fáànù. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù: ọ̀rinrin máa ń mú kí férémù páálí rọ̀, kó sì tẹ̀ sínú, bí kò tiẹ̀ tíì dọ̀tí.

Bí òórùn bá ṣì ń wá lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Tẹ́ ẹ bá rí àmì dúdú tóótòòtó lára fáànù inú, èbu ti débẹ̀, oníṣẹ́ amúlétutù ló máa tú u fọ̀. Ní ti ọmọ yín, ẹ̀rọ asẹ́fẹ́fẹ́ tó dá dúró, tó ní asẹ́ HEPA àti fáànù tirẹ̀, ni kẹ́ ẹ gbé sí yàrá rẹ̀. Ìyẹn lè mú èruku wẹ́wẹ́ tí nẹ́ẹ̀tì ò lè mú.