Détà NSDUH kò lè sọ pé psychedelic ń wo ìsoríkọ́

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá détà NSDUH, ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà lórí lílo oògùn àti ìlera, lè fi hàn pé psychedelic (oògùn tó ń yí ìrírí inú ọkàn padà, bíi LSD) ń wo ìsoríkọ́. Rárá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń bá ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó ṣáájú, oògùn ni tàbí ìsoríkọ́.

Ibi tó ń fojú ẹni rí màbo ni ìwọ̀n. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú détà dúró fún ọ̀pọ̀ èèyàn, iye wọn ló wà nínú kọ́lọ́mù ANALWT_C. Tẹ́ ẹ bá da ọdún márùn-ún pọ̀, ẹ pín ìwọ̀n náà sí márùn-ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà kan á di márùn-ún. Ẹ fi VESTR àti VEREP, kọ́lọ́mù tó ń sọ bí wọ́n ṣe ṣa àwọn èèyàn, sí i: àdúgbò ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣà, àwọn ará àdúgbò kan náà sì máa ń jọra. Tẹ́ ẹ bá fò ó, àlà àṣìṣe yín á kéré jù, ohun tí kò sí á wá hàn bí ẹni pé ó wà. Àgbàlagbà nìkan lẹ fẹ́? Ẹ má pa ìlà àwọn ọmọdé rẹ́. Àṣẹ subpop ni kẹ́ ẹ lò nínú Stata, sọ́fútíwíà ìṣirò. Àwọn tó kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà mọ gbogbo èyí, wọ́n kàn rì í mọ́ àárín ìwé gbọọrọ ni.

Ẹ má lo kọ́lọ́mù hallucinogen (oògùn tó ń mú kéèyàn rí ohun tí kò sí) lápapọ̀. PCP àti ecstasy, tí kì í ṣe irú psychedelic tẹ́ ẹ ń wá, wà nínú ẹ̀! LSD, psilocybin, mescaline àti peyote ni kẹ́ ẹ mú lọ́kọ̀ọ̀kan. K6, ìbéèrè mẹ́fà lórí ìdààmú ọkàn, ò le: 13 sókè nínú 24 ni ìdààmú ńlá.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń pe iṣẹ́ Krebs àti Johansen (2013) àti ti Hendricks (2015), tó wo psychedelic àti ìlera ọpọlọ, ní ẹlẹ́rìí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwádìí kan náà ni wọ́n ti fa détà yọ, ọdún ló yàtọ̀. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, ẹni tó ń gbé ọsibítù àti aláìnílé tí kò sùn ní ibùdó ààbò ò sì sí nínú ẹ̀. Ẹni tí nǹkan bà jẹ́ fún jù lẹ́yìn tó lò ó lè wà láàárín wọn, ta ló fẹ́ kà á?

Ẹni tó bá sì ń lo lithium, oògùn ìlera ọpọlọ, kó má fi ìwé kankan nínú wọn ṣe àwáwí láti gbé olú tó ní psilocybin jẹ: gìrì ti mú àwọn tó da méjèèjì pọ̀. Ẹni tí wèrè wà nínú ìdílé ẹ̀, àwọn oníṣègùn tó ń dán psychedelic wò gan-an kì í sábà gbà á sínú ìwádìí wọn.

Wọ́n yí ọ̀nà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò NSDUH padà ní 2020, íntánẹ́ẹ̀tì wọ̀ ọ́. Ẹ má so 2021 mọ́ àwọn ọdún ìṣáájú.