Ìbéèrè Òǹkàwé: Erékùṣù tí Èèyàn Kò Gbé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Iléṣà ni mo ń gbé. Ó wù mí kí n fẹsẹ̀ tẹ Kvitøya, erékùṣù oníyìnyín tó wà ní ìlà-oòrùn Svalbard, àwọn erékùṣù Norway tó wà lókè lọ́hùn-ún ní àríwá. Wọ́n ní èèyàn kì í gba físà kó tó dé Svalbard. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n sì gbé dání?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn wà. Longyearbyen, ìlú tó tóbi jù ní Svalbard, lẹ ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi, bàálù ibẹ̀ sì ń gbéra láti Oslo tàbí Tromsø. Norway wà nínú Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí físà kan ṣoṣo kárí, Svalbard kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá ti fò lọ sí Longyearbyen, ẹ ti jáde kúrò nínú Schengen nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ tún ń wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ béèrè físà Schengen ìwọlé ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ẹ bá rí 01 níbi iye ìgbà ìwọlé, ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Kvitøya kò ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, kò ní èbúté. Yìnyín ló bò ó àfi etí òkun díẹ̀. Oṣù keje sí ìkẹjọ ni ọkọ̀ ń gbìyànjú ibẹ̀. Yìnyín, kùrukùru tàbí béárì funfun kan ṣoṣo létí omi lè dá a padà. Afinimọ̀nà oníbọn ló ń kọ́kọ́ sọ̀, tí á yẹ ibẹ̀ wò. Láti 2025, òfin ní kí èèyàn jìnnà sí béárì tó mítà 300. Láti oṣù kẹta títí dé òpin oṣù kẹfà, mítà 500 ni.

Ọkọ̀ rọ́bà kékeré ló ń gbé èèyàn dé etí ilẹ̀, inú omi lẹ ó sì sọ̀ sí. Ẹ má bọ ẹni tó ń gbà yín lọ́wọ́: ẹ di ọrùn-ọwọ́ ara yín mú, kí ó lè jẹ́ pé bí ọwọ́ ẹnìkan bá yọ̀, ti ẹnìkejì ṣì dì í mú. Bàtà rọ́bà tó dé orúnkún ni kí ẹ wọ̀, kí ó fi nọ́ńbà kan ju ti yín lọ, nítorí ìbọ̀sẹ̀ méjì. Bí ó bá fún, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, òtútù á sì mú un.

Ẹ má wọ aṣọ òwú mọ́ ara. Ó ń fa òógùn mu, kì í tètè gbẹ, omi inú rẹ̀ ló sì ń fa ooru ara jáde. Irun àgùntàn ni kí ẹ fi sísàlẹ̀, aṣọ tó nípọn lé e, èyí tí omi àti afẹ́fẹ́ kò lè gba inú rẹ̀ kọjá sì kẹ́yìn. Bí ẹ bá ń wá a nínú òkiríkà ní ọjà Atakúnmọ̀sà, ẹ ka léébù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ súwẹ́tà tó dà bí irun àgùntàn kì í ṣe é.

Ẹ má mú ohunkóhun nílẹ̀, ì báà jẹ́ ìṣó. Ibẹ̀ ni Andrée, ará Sweden tó fẹ́ fi bàlúùnù fò dé òpin ayé níhà àríwá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kú sí lẹ́yìn tí bàlúùnù wọn já lulẹ̀ lórí yìnyín ní 1897. 1930 ni wọ́n tó rí òkú wọn. Òfin dáàbò bo gbogbo ohun tí èèyàn fi sílẹ̀ ní Svalbard ṣáájú 1946.

ÌBÉÈRÈ: Fóònù mi ńkọ́? (Òǹkàwé, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ bí ẹ bá ti jìnnà sí Longyearbyen. Òtútù ń tètè pa bátìrì, nítorí náà àpò àyà, lábẹ́ aṣọ, ni kí ẹ kó o sí. Kí ẹ tó padà wọnú yàrá gbígbóná, ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ó lè jẹ́ ara ọ̀rá ni ìrì á sẹ̀ sí. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan kí ẹ tó tú u.