Àwòrán ń dúró nígbà tí bọ́ọ̀lù fẹ́ wọlé: ẹ̀rọ wo ni kí n rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ kékeré kan tí mo kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni mo fi ń wo bọ́ọ̀lù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jẹ́ fíìmù ni, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti ń gbóná báyìí, àwòrán á dúró, nǹkan róbótó á máa yí láàárín ojú rẹ̀. Àwọn ará ilé kejì á ti pariwo góòlù kí tèmi tó dé. Mo fẹ́ ra òmíràn. Kí ni kí n wò kí n tó náwó?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà. Ẹ ti fẹnu ara yín dáhùn ìdajì ìbéèrè yìí nígbà tí ẹ sọ pé fíìmù kì í dúró. Fíìmù ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ yín lè fa apá tí ẹ kò tíì wò pamọ́, tí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì ṣe ségesège, èyí tó ti kó pamọ́ ni yóò máa gbé fún yín. Bọ́ọ̀lù tó ń lọ lọ́wọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú tó ń bọ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀, ta ló fẹ́ kó o pamọ́? Ìwọ̀nba díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà, bí Wi-Fi bá sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ péré, ó ti tán.

Nítorí náà, ẹ má tíì náwó. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ̀rọ yẹn ti ń gba iná. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ki wáyà rẹ̀ bọ ojú USB tẹlifíṣọ̀n. Ojú USB àtijọ́ kì í fúnni ju ìdajì áńpì lọ, èyí sì lè má tó ẹ̀rọ náà nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣájà tó bá a wá ni kí ẹ lò. Lẹ́yìn náà, ẹ wo Wi-Fi. Ọ̀nà méjì ni Wi-Fi sábà máa ń gbà: 5GHz yá ju 2.4GHz lọ, ṣùgbọ́n ògiri tètè ń dí i, torí náà ẹ sún router, àpótí tó ń pín Wi-Fi, súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n. Fún eré tó ń lọ lọ́wọ́, íntánẹ́ẹ̀tì tí ìyára rẹ̀ jẹ́ Mbps 10 tó dúró gbọn-in sàn ju 100 tó ń lọ tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí kò sì yí padà, ẹ wá ẹ̀rọ tó ní ojú wáyà Ethernet, kí wáyà tààrà láti router máa wọ inú rẹ̀. Lójú tèmi, èyí ṣáájú gbogbo ohun yòókù. Google TV Streamer tó jáde ní 2024 ní in, Fire TV Cube àti Roku Ultra náà ní in. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú Apple TV 4K ti 2022: oríṣi 128GB ní ojú wáyà náà, 64GB kò ní in, bẹ́ẹ̀ wọ́n jọra wọn bí ìbejì.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ. Àwòrán 24 ni fíìmù máa ń ní ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Eré ìdárayá máa ń ní 50 tàbí 60: 50 wọ́pọ̀ ní Yúróòpù, 60 sì ni ti Amẹ́ríkà. Bí ẹ̀rọ bá ń fi 60 gbé eré tí wọ́n yà ní 50, bọ́ọ̀lù tó ń fò kọjá pápá kò ní lọ geere. Ẹ wá ètò tí wọ́n ń pè ní Match Frame Rate kí ẹ sì tàn án.

Èyí tó ká mi lára jù ni àwọn àpótí Android aláìlórúkọ tó ń ṣèlérí gbogbo ìdíje lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní Widevine L1, ìwé ẹ̀rí ààbò tí àwọn áàpù ń béèrè kí wọ́n tó gbé àwòrán tó mọ́ kedere jáde, torí náà áàpù tí ẹ sanwó fún á máa gbé àwòrán bàìbàì jáde. Èyí tó burú jù ni pé ní oṣù kẹfà ọdún 2025, FBI kìlọ̀ nípa BADBOX 2.0, ètò búburú tó lè ti wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó rà á, tí yóò sì sọ íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín di ọ̀nà tí àwọn ọ̀daràn ń gbà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wádìí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìdíje tí ẹ fẹ́ràn jáde ní orílẹ̀-èdè yín, kí ẹ sì rí i dájú pé áàpù wọn ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ náà.

Ní ti ariwo ilé kejì, kò sí ẹ̀rọ tó lè wò ó sàn. Wọ́n máa ń gé eré sí wẹ́wẹ́, nígbà púpọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà mẹ́fà, áàpù a sì kó bíi mẹ́ta jọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde. Ẹni tó ń lo sátẹ́láìtì á ti ṣáájú yín. Èyí tó wà ní ìkáwọ́ yín ni fóònù: ẹ pa ìròyìn góòlù orí rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.