Ẹ Bi Wá: Ṣé Kí N Dá Dọ́là Morgan Mi Padà fún Máàkì Tuntun?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní dọ́là Morgan méjì (kọ́ìnì fàdákà àtijọ́ ti Amẹ́ríkà), inú ike PCGS, ilé iṣẹ́ tó ń yẹ kọ́ìnì wò tó sì ń fún un ní máàkì, ni méjèèjì wà, MS64 ni wọ́n sì fún wọn (MS ni ti kọ́ìnì tí ẹnikẹ́ni kò tíì ná). Ọ̀kan jẹ́ 1881-S (S ni San Francisco tí wọ́n ti rọ ọ́), èkejì jẹ́ 1887-O (O ni New Orleans). Ọ̀rẹ́ mi kan ní 65 ló tọ́ sí wọn, pé kí n dá wọn padà. Ṣé kí n náwó sí i? (Òǹkàwé kan, Maryland)

ÌDÁHÙN: Ẹ fi 1881-S sílẹ̀ bó ṣe wà. Wọ́n rọ ọ́ lọ́pọ̀ yanturu ní San Francisco lọ́dún yẹn, wọ́n sì rọ ọ́ dáadáa, nítorí náà 65 rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ká ní 64 ń lọ ní dọ́là 100, tí 65 ń lọ ní 170, tí owó àyẹ̀wò, owó ìfìránṣẹ́ àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú ti adójútòfò sì jẹ́ 60. Bí ẹ bá rí 65 gbà, dọ́là 10 lẹ jẹ. Bí ẹ kò bá rí i gbà, 60 ti wọgbó. Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyí o. Iye tí wọ́n ń tà á ní gbàǹjo lóṣù yìí ni kí ẹ fi ṣírò tiyín.

1887-O ló yẹ ká jókòó tì. Owó rẹ̀ fò sókè gan-an láti 64 sí 65, torí pé èyí tó dé 65 kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kó ṣọ̀wọ́n yẹn náà ló lè dí tiyín lọ́nà: òǹtẹ̀ kì í sábà wọ ara kọ́ìnì New Orleans dáadáa. Ẹ wo irun tó wà lókè etí obìnrin tó wà níwájú kọ́ìnì náà, kí ẹ sì wo àyà ẹyẹ idì tó wà lẹ́yìn. Bí ibẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ jẹ́ kí ìrètí yín mọ níwọ̀n.

Alẹ́ ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan iná tábìlì kan ṣoṣo, kí ẹ wá máa dá ike náà sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ rẹ̀. Fàdákà tí ara rẹ̀ ṣì pé, ṣe ni ìmọ́lẹ̀ á máa yí lójú rẹ̀ bíi sípóòkù kẹ̀kẹ́. Ibi tí sípóòkù yẹn bá ti já, àpá wà níbẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí òun náà ni ojú àwọn aláyẹ̀wò máa ń bà lé: ó gbòòrò, kò sì sí irun tàbí ewé tó lè bo nǹkan kan níbẹ̀. Inú àpò aṣọ ni wọ́n ń kó àwọn dọ́là yìí sí, 1,000 nínú àpò kan. Kọ́ìnì kan wọn giramu 26.73, nítorí náà àpò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 27, gbogbo wọn ń gbá ara wọn bí wọ́n ṣe ń gbé e kiri. Àpá kan tó jìn láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń pa máàkì ju kéékèèké mẹ́wàá tó sá sínú irun lọ. Awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 5 ti tó. Èyí tó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ á kàn máa dẹ́rù bà yín. Bí ẹ bá rí àpá tó ń sún kúrò lójú kan bí ẹ ṣe ń dá a, ara ike ló wà, kì í ṣe ara kọ́ìnì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwòrán 1887-O mẹ́wàá tó gba 65 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gbé tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bó bá jẹ́ pé èyí tó burú jù nínú wọn nìkan ni tiyín lè bá dúró, ẹ má dá a padà.

Bó bá kọjá ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi hàn CAC, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń tún kọ́ìnì tó ti gba máàkì nínú ike yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá lẹ àmì aláwọ̀ ewé mọ́ ike rẹ̀, ó dúró gírí lórí 64, owó rẹ̀ á sì lé láìtún máàkì rẹ̀ ṣe. Bó bá jẹ́ àmì wúrà, àwọn gan-an gbà pé máàkì rẹ̀ kéré. Ní PCGS, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láìyọ ọ́ nínú ike, torí bẹ́ẹ̀, máàkì lè gòkè, kò lè wálẹ̀. A bẹ̀ yín, ẹ má fọ́ ike fúnra yín. Tí ẹ bá ti fọ́ ọ, PCGS kò dúró fún un mọ́. Ó lè padà wá ní 63, irin tí ẹ fi fọ́ ọ sì lè ha á.

ÌBÉÈRÈ: Dọ́là Morgan tèmi wà nínú ike PCGS àtijọ́ tí ìwé rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. Etí kọ́ìnì náà ti pọ́n díẹ̀. Ṣé kí n yọ ọ́, kí n rì í sínú kẹ́míkà afọfàdákà kí n tó dá a padà? (Peckham)

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwọn tó ń kó kọ́ìnì jọ ń san àlékún nítorí ike àtijọ́ yẹn fúnra rẹ̀, torí wọ́n gbà pé ọwọ́ le nígbà tí wọ́n ń fi máàkì rẹ̀ sílẹ̀. Ní ti kẹ́míkà, ìlà tín-ín-tín tó wà lójú fàdákà ló ń mú sípóòkù ìmọ́lẹ̀ yẹn yí, kẹ́míkà sì ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà gbogbo tí ẹ bá rì í. Nígbà tó bá yá, á funfun báláú, ṣùgbọ́n òkú ni. Pípọ́n etí kò ba kọ́ìnì jẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń wá a kiri.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá àgbà fi kọ́ìnì ṣílè méjì kan ti 1913 sílẹ̀ fún wa, igi ọ̀pẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. A ti fi eérú fọ̀ ọ́, ó sì ń dán. Ṣé ká fi ránṣẹ́ fún máàkì? (Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Eérú ti ha á kárí, ẹ ó rí ìlà wẹ́wẹ́ rẹ̀ bí ẹ bá dá a lábẹ́ iná. Wọ́n á kàn kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ ni, wọn kò ní fún un ní nọ́ńbà, owó yín á sì lọ. Fàdákà gidi ni ṣá, 925 nínú 1,000: ó yẹ kó wọn bíi giramu 11.31 lórí òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà. Láti 1920 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin pupa-rẹ́súrẹ́sú rọ ṣílè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn kò ní fàdákà nínú rárá. Ẹ fi èyí tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ sínú páálí gbígbẹ, kì í ṣe nínú ọ̀rá rírọ̀, kí ẹ má sì fọ̀ ọ́ mọ́.