Mo Kí Ìrun Istikhara, Ṣùgbọ́n N Kò Lá Àlá Kankan

Ìbéèrè: Àsàlámù alaekun, ààfáà. Ẹja yíyan ni mò ń tà ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kan yọ ní Ìkòròdú, onílé sì fẹ́ gba owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wà nínú ohun tí mo tọ́jú. Mo ti kí ìrun Istikhara, èyí tí a fi ń tọrọ kí Ọlọ́hun yan ohun tó dára fún wa, léraléra, n kò lá àlá kankan, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Aládùúgbò mi ní kí n gbé owó lọ fún ààfáà kan tí yóò bá mi ṣe é, tí yóò sì wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí. Ṣé àdúà mi kò gbà ni?

Ìdáhùn: Wa alaekumu salaamu, ìyá wa. Àlá kò sí nínú ohun tí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa nípa Istikhara. Jabir ọmọ Abdullahi, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, sọ, nínú hádíìsì (ìròyìn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì) tí onímọ̀ tí ń jẹ́ Bukhari gbà wá, pé Ànábì a máa kọ́ àwọn ní Istikhara nínú gbogbo ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń kọ́ wọn ní súúrà inú Àlùkùrááni: kí ẹni tí ó bá gbèrò ohun kan kí ráká'à méjì tí kì í ṣe ìrun ọ̀ranyàn, lẹ́yìn náà kí ó ṣe àdúà. Nínú àdúà ọ̀hún ni a ti ń sọ fún Ọlọ́hun pé, “Ìwọ ní agbára, èmi kò ní, Ìwọ mọ̀, èmi kò mọ̀.” Ẹ fara balẹ̀ wo gbólóhùn yìí. Ẹni tí ó dìde níbi àdúà náà kò tíì mọ bí ọ̀la yóò ti rí, kò sì sẹ́ni tí ó ṣèlérí fún un pé yóò mọ̀. Ó kàn ti fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé Ẹni tí ó mọ̀ lọ́wọ́ ni.

Ní ti ẹni tí yóò gba owó kí ó lè wo ọ̀la fún yín, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́hun, ẹ má ṣe lọ. Súúrà Luqman, áyà 34, sọ pé ẹ̀mí kan kò mọ ohun tí yóò rí gbà ní ọ̀la, ààfáà náà sì wà lára ẹ̀mí tí áyà yìí ń bá wí. Onímọ̀ hádíìsì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Muslim gbà á wá pẹ̀lú pé ẹni tí ó bá lọ bi aríran ní ohun kan, a kò ní gba ìrun rẹ̀ fún ogójì òru. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ẹnì kan lè bá ẹlòmíràn kí ìrun Istikhara, ṣùgbọ́n títa ohun tó pamọ́ fún ènìyàn kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn ni hádíìsì Jabir sì ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá mọ àdúà náà lórí, ẹ kà á láti inú ìwé lẹ́yìn tí ẹ bá sálámà. Bí ẹ bá wà ní àkókò tí obìnrin kì í kí ìrun, ẹ ṣe àdúà náà nìkan.

Ìrun yìí kò gba iṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́ yín. Súúrà Āl-Imrān, áyà 159, pa á láṣẹ pé kí a gbìmọ̀ ná, nígbà tí a bá sì ti pinnu, kí a gbára lé Ọlọ́hun. Ẹ lọ sí Ìkòròdú, ẹ bi àwọn ará àdúgbò pé kí ló lé ẹni tí ó háyà ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́lẹ̀ jáde, ẹ wo òrùlé rẹ̀ ní ọjọ́ òjò, ẹ ṣírò owó ọkọ̀ ẹja láti Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn èyí, ohun tí ẹ kò mọ̀ yóò ṣì kù, kò sì sí ìwádìí tí yóò tán an. Àwọn apẹja tí ẹ ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn a máa tún àwọ̀n wọn ṣe kí wọ́n tó wọ inú ọ̀sà, síbẹ̀ wọn kì í mọ ohun tí wọn yóò bá pàdé níbẹ̀, wọn kì í sì tìtorí èyí jókòó sílé.

Bí ọ̀nà bá là, ẹ máa lọ. Bí ó bá dí, ẹ rántí pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ tọrọ rẹ̀ nínú àdúà náà pé, bí kò bá dára fún yín, kí Ọlọ́hun yí i kúrò lọ́dọ̀ yín, kí Ó yan oore fún yín níbikíbi tí ó bá wà, kí Ó sì jẹ́ kí ẹ yọ́nú sí i. Bí ọjà bá sì kùtà ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má ṣe sọ pé Istikhara yín kò gbà, nítorí Ọlọ́hun sọ nínú Súúrà Baqarah, áyà 216, pé a lè kórìíra ohun kan kí ó sì jẹ́ oore fún wa.

Owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ bi onílé bóyá yóò gba owó oṣù mẹ́fà, bí ẹ bá sì ń dá ọjọ́ tí ẹ óò san án fún un, kí ẹ sọ pé “in shaa Allahu.”